Abẹ àti Èèkù Rẹ̀: Ìtàn Bí Irin Ìfárí Ṣe Ń Dúró Lọ́wọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn àárín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí kò jẹ́ kí n lè ronú nípa ohun mìíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ sùúrù ni gbogbo wa máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó pa òwe náà kò sọ pé kí ọwọ́ tẹ idà. Èèkù ni ó dárúkọ. Ó mọ̀ pé ojú idà kò lọ́rẹ̀ẹ́, àti pé ibi tí irin ti pàdé igi ni agbára wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Ọ̀rọ̀ èèkù ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe èèkù idà, bí kò ṣe ti abẹ, irin kékeré tí a fi ń fá orí àti irùngbọ̀n.

Ohun tí ojú mi rí ní Òkòkòmáìkò

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkòkòmáìkò, kò jìnnà sí ojú títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà fi kílípà gé irun ọmọ náà tán, ó wá ku kí wọ́n fi abẹ tọ́ etí orí rẹ̀. Abẹ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni èyí tí ó ní èèkù gígùn tí a ń ṣí bí ọ̀bẹ àpò, tí a sì ń ti ìdajì abẹfẹ́lẹ́ bọ inú ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó pààrọ̀ abẹ.

Ọmọkùnrin náà tú abẹfẹ́lẹ́ tuntun kúrò nínú bébà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì láàárín ìka rẹ̀, ó ń tì í bọ inú èèkù. Kí a tó ṣẹ́jú, abẹ ti gé e ní àtàǹpàkò. Kò pariwo. Ó fi ìka nu ṣòkòtò, ó ti abẹ náà wọlé tán, ó sì nà án sí ọ̀gá rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wà lára abẹ."

Ọ̀gá wo abẹ, ó wò mí. "Lẹ́kítọ̀rà, ẹ fọkàn balẹ̀. Abẹ tuntun ni. Ìṣojú yín ni ó ṣe tú u."

"Òótọ́ ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó ti gé ẹnì kan ná kí ó tó dé orí ọmọ mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ojú ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Òun ni abẹ gé, òun náà ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo sanwó, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a sì lọ sílé pẹ̀lú etí orí tí a kò tọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sùn. Kí ló dé tí pípààrọ̀ abẹ fi gbọ́dọ̀ gé ọwọ́ ẹni tí ń pààrọ̀ rẹ̀? Mo rò pé ìbéèrè kékeré ni. Nígbà tí mo wá inú ìtàn, mo rí i pé ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń bá a jà.

Abẹ tí irin rẹ̀ kò ní oríkèé

Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń fárí. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ abẹ fún onígbàjámọ̀ àti fún olóòlà, tí ń kọ ilà tí ó sì ń dá kọ́ fún ọmọ. Abẹ ìgbà náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú, tí ó nípọn díẹ̀ lẹ́yìn, ibi tí a sì ń fi ọwọ́ mú jẹ́ ara irin kan náà. Kò sí ohun tí a ń pààrọ̀. Bí ó bá kú, onígbàjámọ̀ a pọ́n ọn lórí òkúta, a fi awọ dán ojú rẹ̀, a sì tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: abẹ, òkúta, awọ, ọṣẹ àti igbá omi. Ẹ fi igbá omi yẹn sọ́kàn. A ó padà bá a níwájú.

Iṣẹ́ abẹ kò pin sí ẹwà. A ń fárí fún òkú ọ̀fọ̀, a ń fárí fún ẹni tí a fẹ́ ṣe ètùtù fún. Ní ààfin Ọ̀yọ́, abẹ ni ó ń sọ ènìyàn di ìránṣẹ́ ọba. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé orúkọ ìlàrí wá láti inú lílà orí: a ń sín gbẹ́rẹ́ sí wọn lórí, a sì ń fá apá kan orí wọn, a ń dá apá kejì sí. Ẹ rí i pé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò fara sin rárá: ì + là + orí.

Ẹ tún kíyè sí ohùn. *Abẹ* tí a ń sọ yìí, ohùn àárín méjì ni ó ní. Ẹni tí ó bá gbé ìparí rẹ̀ sókè ti sọ *abẹ́*, ìyẹn ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó wá láti òkè òkun ti sọ fún onígbàjámọ̀ rí pé kí ó bá òun fá a "pẹ̀lú abẹ́". Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

Abẹ ìbílẹ̀ yìí ní àǹfààní kan: kò sí oríkèé lára rẹ̀ tí ó lè já tàbí tí ó lè gé ẹni tí ń pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá kan: abẹ kan náà ni ó ń lọ láti orí dé orí. Nígbà tí a kò mọ̀ nípa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹni tí ó ka èyí sí.

Ẹni tí ó fi ọkọ́ wé abẹ

Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1760 sí 1770, Jean-Jacques Perret, ẹni tí ń rọ ọ̀bẹ, fi igi bo abẹ gígùn kí ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni yóò kan ara. Abẹ aláàbò àkọ́kọ́ nìyẹn. Perret kò yí èèkù padà. Ó kàn fi ààbò bo irin ni.

Ní ọdún 1847, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Samuel Henson, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí abẹ tí èèkù rẹ̀ kò wà ní títọ́ pẹ̀lú irin mọ́, bí kò ṣe pé ó dábùú rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ọkọ́ àgbẹ̀. Henson yìí kan náà ni ó ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ elooru ṣe ọkọ̀ òfurufú ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú. Ọkọ̀ rẹ̀ kò fò, ṣùgbọ́n gbogbo abẹ ìfárùngbọ̀n tí ó wà nínú ilé ìwẹ̀ yín lónìí ni ó ní ìrísí ọkọ́ tí ó fi lélẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá di ọkọ́ mú mọ ìdí rẹ̀: ọwọ́ jìnnà sí ojú irin, agbára sì dọ́gba.

Ní ọdún 1880, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Kampfe, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń gbé ní New York, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí abẹ aláàbò tí a lè yọ irin rẹ̀ kúrò lára èèkù. Oríkèé ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin náà ṣì nípọn. A ń yọ ọ́ kí a lè pọ́n ọn ni, a ń dá a padà. Ọwọ́ ṣì ń kan ojú abẹ lójoojúmọ́.

Ní ọdún 1895 ni èrò kan sọ sí King Camp Gillette lọ́kàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: bí irin náà bá lè fẹ́lẹ́ tó bébà, tí owó rẹ̀ sì kéré, ta ni yóò máa pọ́n ọn? Kí a lò ó, kí a jù ú nù. Àwọn tí wọ́n mọ irin sọ fún un pé kò lè ṣeé ṣe. William Emery Nickerson, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè mú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ le láìjẹ́ pé ó wọ́. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1901. Ní 1903, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n tajà, abẹ 51 àti abẹfẹ́lẹ́ 168 péré ni wọ́n tà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1904 ni ìwé ẹ̀tọ́ jáde. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ìjọba ra nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 fún àwọn sójà wọn, àwọn sójà náà sì gbé abẹ náà padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni bàbá wọn ní ọ̀kan. Bàbá mi, tí ó jẹ́ tísà, ní tirẹ̀ nígbà tí a ń gbé ní ẹ́sítéètì Ìba, mo sì máa ń wò ó láràárọ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ni: ìdérí, àwo tí ó ní eyín bí òòyà, àti èèkù. Abẹfẹ́lẹ́ a wà láàárín ìdérí àti àwo, sukúrù tí ó wà lábẹ́ ìdérí a gba inú ihò abẹ kọjá, a sì yí èèkù títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dè. Sukúrù yìí ń tẹ abẹ ní ọgbọọgba, ojú rẹ̀ a sì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tú u, abẹ a dá wà lọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú ojú méjì, kò sì sí ibi tí ó dára láti mú un. Mo mọ èyí nítorí pé mo tú ti bàbá mi wò nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìka mi. Bàbá mi kò nà mí. Ó fi omi fọ ọgbẹ́ náà, ó ní, "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àmọ́ ó lè gbẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ìbéèrè mẹ́ta

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè mẹ́ta wo oríkèé abẹ. Èkíní, ṣé ó dè gbọn-in? Èkejì, ṣé ó tú wọ́ọ́rọ́wọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé a lè pààrọ̀ irin láìfi ọwọ́ kan ojú rẹ̀? Sukúrù Gillette yege nínú èkíní dáadáa, ó gba ààbọ̀ máàkì nínú èkejì, ó sì kùnà nínú ẹ̀kẹta.

Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ṣe èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá yí ìdí èèkù, orí rẹ̀ a ṣí bí ilẹ̀kùn méjì. Ó tú wọ́ọ́rọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a ṣì fi ń yọ irin.

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè kẹta ni Jacob Schick, ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà kan. Ó wo ìbọn tí ọta máa ń tò sínú rẹ̀, ó sì béèrè ìdí tí abẹ kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ó ṣe abẹ tí irin ń wọlé láti inú àpótí kékeré. Lẹ́yìn náà ni ti oní-títì dé: a fi ẹnu àpótí sí ẹ̀gbẹ́ orí abẹ, a tì í lẹ́ẹ̀kan, irin tuntun a wọlé, òun fúnra rẹ̀ a sì ti irin àtijọ́ jáde. Ìka ènìyàn kò kan nǹkan kan. Mo rò pé nínú gbogbo ìtàn yìí, ọgbọ́n yẹn ni ó wú mi lórí jù: tuntun ni ó ń lé ògbólógbòó lọ.

Ní 1970, Wilkinson Sword ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ irin mọ́ inú ike, tí ó fi jẹ́ pé ike ni a ń pààrọ̀, kì í ṣe irin ìhòòhò. Ní 1971, Gillette gbé Trac II jáde, irin méjì nínú orí kan, tí ń yọ́ wọ orí èèkù. Abẹ ti ní orí nìyẹn! Ní 1975, Bic ní kí a kúkú so orí àti èèkù pọ̀, kí a lò ó, kí a ju gbogbo rẹ̀ nù. Ní 1998, Mach3 dé pẹ̀lú irin mẹ́ta: a ki èèkù sínú orí tuntun nígbà tí ó ṣì wà nínú àwo rẹ̀, a gbọ́ "ká", ó ti dè, a tẹ bọ́tìnì, ó ti já. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ìdáhùn.

Kí ló wá kù? Owó ni. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe oríkèé tirẹ̀ bí àgádágodo: orí ti èyí kò wọ èèkù ti ọ̀hún. Ẹni tí ó bá ra èèkù ti fi ara rẹ̀ fún ẹni tí ń ta orí. Ẹ lọ sí ọjà Ìyànà-Ìba, kí ẹ béèrè iye orí Mach3 kan, kí ẹ sì béèrè iye Nacet kan. Ẹ ó mọ ìdí tí onígbàjámọ̀ kò fi ní í gba ọ̀nà yẹn láé.

Nasẹ́ẹ̀tì, réésà, abẹfẹ́lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí irin Gillette dé ọ̀dọ̀ wa, a kò pè é ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é. A wò ó, a rí i pé ó fẹ́lẹ́, a sì pè é ní abẹfẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn ya *réésà* láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn sì mú orúkọ tí ó wà lára bébà, Nacet, wọ́n sọ ọ́ di *nasẹ́ẹ̀tì*, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè ra Tiger kí ó sì sọ pé nasẹ́ẹ̀tì ni òun rà.

Orúkọ mẹ́ta ni a fún irin. Mélòó ni a fún oríkèé rẹ̀? Kò sí ẹyọ kan. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀ bíi mélòó kan ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìba: kí ni ẹ ń pe ibi tí abẹ ń wọ̀? "Ẹnu ẹ̀ ni." "Ibi tí a ń kì í bọ̀." Ọ̀kan ní, "Ibẹ̀ yẹn." Ohun tí a kò bá lórúkọ fún, ó ṣòro láti kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bí yóò ṣe ṣọ́ra fún un.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Ní ọdún 2002, Gillette gbé abẹ kan jáde fún àwọn ará ilẹ̀ Íńdíà. Irun sábà máa ń dí abẹ, nítorí náà wọ́n fi ohun kékeré kan sí i tí ń ti irun jáde. Kí wọ́n tó gbé e lọ, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n wà ní MIT dán an wò, gbogbo wọn sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Íńdíà, ó kùnà. Kí ló fà á? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní omi ẹ̀rọ tí ń dà ṣààṣà. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe abẹ náà jókòó sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ife omi kan ṣoṣo.

Ẹ rántí igbá omi onígbàjámọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ni wọ́n gbàgbé.

Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Procter & Gamble, tí ó ra Gillette ní 2005, rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Íńdíà láti jókòó ti àwọn ọkùnrin nínú ilé wọn kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń fárùngbọ̀n. Ní 2010, wọ́n gbé Gillette Guard jáde: irin kan ṣoṣo, eyín ààbò ńlá kí ó má bàa gé ara, orí tí ó rọrùn láti ṣàn nínú ife omi, àti ihò ní ìdí èèkù kí a lè fi kọ́ sára ìṣó. Rúpì 15 ni èèkù àti orí, rúpì 5 ni orí tí a fi ń pààrọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní ọgbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kàn fárí níwájú olórí ni.

Ní tiwa, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà kan náà kéde pé òun yóò dá ìpèsè ọjà dúró ní Nàìjíríà, pé òun yóò máa kó ọjà wọlé láti òkèèrè ni. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀ wá jókòó ní Òkòkòmáìkò láti wo bí a ṣe ń fárí. Bí a bá fẹ́ ojútùú, ọwọ́ wa ni ó wà.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹnì kan lè sọ pé, ìwọ ọ̀mọ̀wé, ọgbẹ́ kékeré ni o sọ di ìwé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986 ni wọ́n kéde àwọn tí ó kọ́kọ́ ní àrùn éèdì ní Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni a sì ti ń gbọ́ pé kí a má ṣe jùmọ̀ lo abẹ. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ó ní kòkòrò HIV. Ìyẹn kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà yẹn fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ni ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B. Orúkọ àrùn náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nínú ara ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí tó o. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò sì gbà á.

Òfin ti bá olóòlà wí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003 ka ilà kíkọ sára ọmọdé léèwọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n abẹ onígbàjámọ̀ ń lọ bí ó ti ń lọ. Kílípà tí a ń rà ní ọjà Alaba pàápàá kò yọ sílẹ̀: sukúrù méjì ni ó de irin rẹ̀, ó gba sukúrù-dráífà àti ojú tí ó mọ́ kí a tó lè tò ó padà. Ta ni yóò tú u láàárín oníbàárà kan àti èkejì, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù? Oríkèé tí ó bá ṣòro láti tú, ẹnikẹ́ni kò ní í tú u, ohun tí a kò bá sì tú, a kò ní í fọ̀ ọ́ dénú. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé oríkèé ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ṣẹ́ ẹ kí o tó tú u

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, èmi nìkan. Mo kí ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má rí mi bí ẹni tí ó wá bá a jà. Mo ra abẹfẹ́lẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà fi hàn mí bí ọ̀gá ṣe kọ́ ọ.

Ó ní, "Ọ̀gá ní: tú u, ṣẹ́ ẹ, tì í wọlé."

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé nínú èdè wa, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣe tò ni iṣẹ́ ṣe ń tò. Ọmọ yìí kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí a sọ fún un ni ó ṣe. Inú gbólóhùn náà ni abẹ ti kọ́kọ́ gé e.

Mo mú abẹfẹ́lẹ́ kan pẹ̀lú bébà rẹ̀ lára. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó ṣẹ́ sí méjì nínú bébà. Mo ya bébà sí méjì, mo mú ìdajì kan ní ojú rẹ̀ tí bébà ṣì bò, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣẹ́ ni mo sì kọ́kọ́ tì sínú èèkù títí tí ó fi dè. Lẹ́yìn náà ni mo fa bébà kúrò. Ọwọ́ mi kò kan ojú abẹ. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ àgbà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bébà tí a ń jù sílẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àpótí Schick àti àwo ike Mach3 ń ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀gá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Lẹ́kítọ̀rà, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe kọ́ ọ." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Àpá wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ.

Mo dábàá pé kí a máa pe ohun tí ó di irin mú ní *orí abẹ*, kí a máa pe ibi tí orí náà ti so mọ́ èèkù ní *oríkèé*, kí a sì fi gbólóhùn kan kọ́ gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ṣẹ́ ẹ kí o tó tú u. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ti èmi lọ, tàbí tí àwọn onígbàjámọ̀ àdúgbò yín bá ní orúkọ fún oríkèé yìí, inú mi yóò dùn láti gbọ́.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo tún mú ọmọ mi lọ. Ọ̀gá pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó pààrọ̀ abẹ. Ọmọkùnrin náà mú abẹfẹ́lẹ́, ó sì fẹ́ fi ìka já bébà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣẹ́ ẹ kí o tó tú u."

Ó ṣẹ́ ẹ. Mo gbọ́ ọ nínú bébà. Wọ́n tọ́ etí orí ọmọ mi, a sì lọ sílé.